Ìwé Tí Ikán Kò Lè Jẹ Tán

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ oníkajú,
kọ́kọ́rọ́ kan, àpótí kan, ìwé gbàǹgbà kan,
ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Láoyè lápá Tákíẹ́, l'Ógbómọ̀ṣọ́.
Bí mo bá ṣàìsàn, ẹgbẹ́ ṣàìsàn.
Bí òrùlé bá jò, gbèsè ènìyàn a máa bá omi lọ.
Ikán jẹ ọdún kan láti ẹ̀gbẹ́ dé àárín,
a kò mọ ẹni tó jẹ mọ́, a kò mọ ẹni tí wọ́n jẹ.

Ìbíyẹmí ọmọ àbúrò mi ló wá jókòó tì mí,
ó ń kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì,
erùpẹ̀ pupa Apákẹ́ kún ẹsẹ̀ rẹ̀.
Ó ní, "Bàbá, tiwa kò ní àpótí.
Ìwé kan náà ló wà lọ́dọ̀ gbogbo wa:
ọ̀kan ní Sábó, ọ̀kan ní Ìṣẹ́yìn,
ọ̀kan ní ìlú tí wọ́n ti ń sùn nígbà tí àwa ń jí.
Kókó là ń pe ilé kọ̀ọ̀kan,
bí kókó inú àwọ̀n:
já ọ̀kan, ẹja ò tíì bọ́."

Mo ní, "Bí kókó kan bá wá purọ́ ńkọ́?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ojú-ewé òní
a máa gbé òǹtẹ̀ ojú-ewé àná sí iwájú orí;
fọwọ́ kan lẹ́tà kan nísàlẹ̀,
gbogbo òǹtẹ̀ òkè á dàrú, ayé á rí ọ.
Bulọ́ọ̀kù ni wọ́n ń pe ojú-ewé.
Èmi mọ bulọ́ọ̀kù. Òun ni mo fi kọ́lé.
Ẹ yọ ti ìpìlẹ̀, kí ẹ wo ohun tí òrùlé máa sọ.

"Àwọn awakùsà wà pẹ̀lú." "Kí ni wọ́n ń wà?"
"Wọn kì í wa nǹkan kan, Bàbá. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́."
Ó na fóònù sí mi: ewé kajú, àwòrán ẹgbẹ̀rún méje.
Ẹ̀rọ tó wà ní Sábó ní ara ewé yìí yá.
Ẹ̀rọ tó wà lókè òkun ní àrùn ti wọ̀ ọ́.
Mo ní, "Yí ewé náà padà."
"Àwòrán ni, Bàbá."
"Ẹ̀rọ yín ò tíì dóko nìyẹn."

Olùyẹ̀wò ló ń fún ìdáhùn ní máàkì,
ṣùgbọ́n ẹnìkan kì í jókòó dájọ́ lásán níbẹ̀:
á kọ́kọ́ fi owó tirẹ̀ dógò.
Bó bá ṣègbè, ohun tó fi dógò ti lọ nìyẹn.
Ibi tí máàkì ọ̀pọ̀ bá ti pàdé ni ẹnu kò sí,
awakùsà tó gbà á á gba ẹyọ tirẹ̀.
Mo ronú kan gbogbo àwọn tó ti di òṣùwọ̀n mú lójú mi.
Ta ló fi kọ́bọ̀ kan dógò rí nínú wọn?

Ìgbà tó ní kò sẹ́ni tó lè pa ìlà kan rẹ́
ni mo dákẹ́.

Kì í ṣe ikán ló jẹ ojú-ewé kẹtàdínlógójì.
Èmi ni. Abẹ ni mo fi gé e.
Gbèsè Ọdúnọlá ló wà níbẹ̀, àpò kajú mọ́kànlá,
ọkọ rẹ̀ kò tíì pé ogójì ọjọ́ nílẹ̀,
ẹgbẹ́ sì fẹ́ gba oko lọ́wọ́ rẹ̀.
Mo ní ikán ni. Ikán ò lẹ́nu tí yóò fi wí tirẹ̀.

"Ìbíyẹmí, ìwé yín yìí,
ṣé ó mọ bí a ti ń dárí jì?"

Ó pẹ́ kó tó fèsì. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kú.
Ó ní, "Kò ṣeé pa rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni
lè kọ ìlà tuntun sábẹ́ rẹ̀:
èmi lágbájá, mo san án fún un."

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó kọ́ mi, ìyẹn ló ṣòro jù,
kò sì fún un lórúkọ.

Lóru mo ṣí àpótí, mo wá báírò.
Mo kọ Ọdúnọlá, mo kọ àpò mọ́kànlá,
mo kọ orúkọ ara mi sábẹ́ rẹ̀.
Nílẹ̀ mọ́, mo ní kó ya àwòrán rẹ̀,
kó fi ránṣẹ́ sí àwa mẹ́sàn-án tó kù nínú ẹgbẹ́,
kó wà nílé mẹ́sàn-án,
kí n má baà rí abẹ tí yóò gùn tó.